Àmì Tó Wà Lábẹ́ Fáù: Ọjọ́ Kan ní Sankaryaré

Aago 5:40 ìdájí

Aago ọrùn ọwọ́ mi ní 6:40, fóònù ní 5:40. Fóònù ló jàre. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú Burkina Faso, mi ò sì tíì yí aago mi padà láti ọjọ́ tí mo ti dé Ouagadougou. Ìpè Àsùbáà ti dákẹ́. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi wúyẹ́wúyẹ́ láti yàrá kejì, ó ti wà lórí ẹní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ó ti lé ní 20 ọdún tó ti ń tajà ní ìlú yìí, ilé tó ń gbé kò sì jìnnà sí ọjà Sankaryaré. Ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ sì mú débi pé ètè mi ti là.

Lálẹ́ àná, bá a ti ń jẹun, ló sọ fún mi pé ààfáà kan wà lẹ́yìn ọjà tó máa ń kọ́ àwọn àgbà ní ọnà ìkọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù. Kò sí pé à ń há nǹkan sórí, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń dán ènìyàn wò. Ẹni tí kò di kálámù mú rí ni wọ́n ń pè. “Ìwọ tó o fẹ́ràn ìwé,” ó ní, “o ò ṣe lọ?”

Mi ò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti di kálámù mú rí, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ilé-kéú kan ní Ìwó. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀ kí ilé-ìwé òyìnbó tó gbà mí lọ pátápátá. Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìrònú kan nípa ààfáà wa, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Màá dé ibẹ̀.

Aago 7:25 òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí gba inú ọjà kọjá. Ọjọ́ Àìkú kò ní kí Sankaryaré sinmi. Alùpùpù ló kún ojú ọ̀nà, àwọn obìnrin ń gun tiwọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù níwájú, eruku pupa ń bá táyà wọn dìde. Àpò jéró, àpò ọkà bàbà, àpò ẹ̀wà, wọ́n tò wọ́n dé òrùlé. Àwọn alábàárù ń ti ọmọlanke, wọ́n ń pariwo kí ènìyàn yà. Ẹ̀gbọ́n mi ń kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá a ti ń lọ: “Ne y yibeoogo!” Ẹ kú àárọ̀ nìyẹn lédè Mòóré. Ó fi Jula dáhùn ẹlòmíràn, ó fi Hausa bi ẹnì kẹta léèrè iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà, ó wá yí sí mi, ó fi Yorùbá Ìwó sọ pé kí n di àpò mi mú dáadáa.

Bàbá ọkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí òfin ìjọba Busia lé kúrò ní Gánà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969. Dípò kó padà sílé, ó gba ìhà òkè lọ, ó wọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Upper Volta títí di ọdún 1984. Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé náà ṣe di ará Ouaga. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá ààfáà ni ẹ̀gbọ́n mi ti padà lẹ́yìn mi. Ó ní òun máa wá nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá jinná.

Aago 8:20

Igi dóńgóyárò kan ló bo àgbàlá náà. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Àwa méje la jókòó: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì, télọ̀ kan, ọkùnrin kan tó ń fi òwú ṣọnà sára bàbá ńlá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kun pátákó ìpolówó ọjà, ìyàwó ilé kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, àti èmi. Ààfáà ti lé ní 60 ọdún. Karamoko ni wọ́n ń pè é, bí àwọn elédè Jula ṣe ń pe olùkọ́. Ó ń sọ Faransé díẹ̀, ó ń sọ Hausa dáadáa. Hausa tèmi kò kọjá ti inú ọjà, àmọ́ a gbọ́ra wa yé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó kọ́kọ́ pín wàláà fún wa. Nígbà tí tèmi bọ́ sí ọwọ́ mi, mo gbé e lé itan, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Pátákó igi gígùn kan ni, ó ní orí tí a fi ń dì í mú, ara rẹ̀ ń dán nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí omi àti àtẹ́lẹwọ́ ti fi ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bàbá bàbá mi ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, wọ́n fi wàláà rẹ̀ bo ìkòkò omi ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ìgbà gbogbo ni mo ń ṣí i láti bu omi mu. Mo rántí bí ó ṣe wúwo tó, mi ò rántí ohun kankan tí a kọ sára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni tàdáwà. Dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ni wọ́n ha, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì pò ó mọ́ omi tí wọ́n ti rẹ gọ́ọ̀mù sí, oje gbígbẹ ara igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Sahel. Gọ́ọ̀mù yìí ló ń mú kí dúdú náà di ara igi mú, tí kì í jẹ́ kó ṣàn kiri. Bí omi bá kàn án, ó máa ṣí. Nítorí náà ló fi yẹ wàláà. Ìwé tí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́ ní tàdáwà tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa sè pẹ̀lú irin tó dípẹtà. Ìyẹn máa ń jẹ wọ inú bébà, omi kò lè yọ ọ́ tán. Nínú ìgò tàdáwà kọ̀ọ̀kan ni ó fi òwú díẹ̀ sí. Mo bi í léèrè ohun tí òwú ń ṣe níbẹ̀. Ó ti kálámù bọ inú ìgò tí kò ní òwú, ó yọ ọ́, tàdáwà kán tó sórí ẹní. Ó ti í bọ inú èyí tó ní òwú, ó yọ ọ́, kò kán. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Aago 9:00

Gbígbẹ́ kálámù gbà wá ní wákàtí kan ó lé, mo sì rò pé níbí gan-an ni ìtàn ọjọ́ náà wà.

Igi ọkà bàbà gbígbẹ ló pín fún wa, tó nípọn tó ìka kékeré. Àkọ́kọ́, a fi ọ̀bẹ gé e ní ìdábùú, ká lè rí inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a fá ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹnu rẹ̀ á fi tẹ́ bí ahọ́n ẹyẹ. A wá la àárín ahọ́n náà, ìlà tín-ín-rín kan báyìí, kí tàdáwà lè máa gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Títí dé ibí, bákan náà ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ Lárúbáwá, láti Marrakesh títí dé Istanbul. Gígé ìkẹyìn ló ya wá sọ́tọ̀.

Ọmọ yunifásítì tó jókòó tì mí ti wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi ọ̀bẹ gé ẹnu kálámù rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kó lè dà bí ẹnu ọ̀bẹ ìgékòkó. Ààfáà gba kálámù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kálámù àwọn ará ìlà-oòrùn nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Ẹnu tí a bá gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ máa ń fa ìlà tó nípọn níbì kan tó sì tín-ín-rín níbòmíràn, bí kálámù bá ti ń yí padà lọ́wọ́ ẹni. Ìyẹn ni ẹwà tí ayé mọ̀ jù lọ, ẹwà ìkọ̀wé àwọn Tọ́ọ̀kì àti ti Páṣíà. Èyí tí àwọn baba wa gbà láti ilẹ̀ Maghrib, láti Kairouan àti Andalusia, tí ó sì gba inú aṣálẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ wa, kò gé ẹnu kálámù bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rẹ́ ẹ ṣóńṣó, ó máa ń yí etí rẹ̀ po díẹ̀. Ìlà tó bá fà, ìwọ̀n kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí lẹ́tà ti ń tẹ̀ wọ́lẹ̀ bí ìkòkò ni ẹwà tirẹ̀ wà, àti ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan fi ń na ìrù lọ bá èkejì.

Ààfáà bá ọmọ yunifásítì náà gbẹ́ òmíràn. Kò bá a wí.

Aago 10:15

Álífù. Ìlà kan ṣoṣo tó dúró gbọọrọ. Kí ló le níbẹ̀?

Mo kọ ogún. Kò sí èyí tó dúró. Ọ̀kan fì sí ọ̀tún, òmíràn gbọ̀n ní àárín bí ẹni tí ọyẹ́ ń mú. Ààfáà ní kí n yí wàláà sórí orókún mi, kí n má fi ọrùn ọwọ́ kọ ọ́, kí n jẹ́ kí gbogbo apá bá a lọ. Ó tún ní kí n tú èémí mi sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń fa ìlà náà wálẹ̀. Níbi ìkejìlélógún tàbí ìkẹtàlélógún, ọ̀kan jáde tó dúró bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Ìyàwó ilé tó pọn ọmọ rí i, ó fi ìka tọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tirẹ̀ ti dúró láti ìkẹta.

Álífù tó bá so mọ́ lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ tún ní ìwà tirẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ní ìlà-oòrùn, láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sókè. Níhìn-ín, òkè ni wọ́n ti ń fà á sọ̀kalẹ̀ wá bá lẹ́tà kejì, débi pé ìrù kékeré kan máa ń yọ sí ìsàlẹ̀ ìlà. Mo wo ìrù yẹn títí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lórí wàláà mi nígbà tí mo wà ní kékeré.

Aago 11:20

Ààfáà kọ lẹ́tà méjì sórí wàláà tirẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i. Fáù, pẹ̀lú ẹyọ àmì kan lábẹ́ rẹ̀. Káfù, pẹ̀lú ẹyọ àmì kan lórí rẹ̀.

Mo gbé kálámù mi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò ka kéú. Nínú ọ̀pọ̀ Kùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Cairo tàbí Medina, àmì kan ni fáù ní, lórí ni ó sì wà. Méjì ni ti káfù, lórí bákan náà. Ààfáà tó kọ́ mi ní Ìwó kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi àmì fáù sí ìsàlẹ̀, ó sì fi ẹyọ kan ṣoṣo sórí káfù. Nígbà tí mo dé ilé-ìwé gíga, tí mo sì rí Kùránì tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun, mo fi ojú ara mi rí i pé “àṣìṣe” ni. Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin tó kọ́ wa kò mọ ìwé dáadáa, pé ohun tí òun náà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ló ń gbìyànjú láti kọ. Mo ti gbé ìdájọ́ yẹn lọ́kàn fún ọgbọ̀n ọdún. Òun ni mo fi ń dá ara mi láre pé mo kúrò ní ilé-kéú.

Kò ṣì í kọ. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Fez nìyẹn, bí wọ́n ti kọ ọ́ ní Kòrdóbà nígbà tí Kòrdóbà wà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, bí wọ́n ti kọ ọ́ ní Timbuktu àti ní Bọ̀rnó. Ọwọ́ kan tó ti pé bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni ọkùnrin yẹn ń fi lé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́, lábẹ́ òrùlé páànù kan ní Ìwó. Ó ti kú báyìí, mi ò sì rí ọ̀nà láti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ju kí n kọ ọ́ síbí.

Mo kọ fáù méjìlá. Mo fi àmì kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀.

Aago 12:35 ọ̀sán

A kí Àyílà pọ̀ nínú àgbàlá, àwọn tó ń kírun. Ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ dé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní benga, òróró àti ata gbígbẹ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ike zoom-koom, omi ìyẹ̀fun jéró tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ṣúgà sí. A jẹ ẹ́ nínú àwo ńlá kan.

Níbi oúnjẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ kejì ti béèrè ìdí tí a kò fi wọn lẹ́tà. Òun náà ti kà nípa ọ̀nà tí Ibn Muqla gbé kalẹ̀ ní Baghdad, ẹni tó kú ní ọdún 940: ẹ máa fi ẹnu kálámù tẹ àmì kan, kí ẹ sì fi iye àmì bẹ́ẹ̀ wọn gíga álífù àti fífẹ̀ báù. Ìbéèrè gidi ni. Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Ibn Khaldun ti dáhùn rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1377. Ó ní àwọn ará Íjíbítì ní òfin fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ní Maghrib àti Andalusia, odidi ọ̀rọ̀ ni ọmọ ń wò lọ́wọ́ olùkọ́ tó sì ń kọ tẹ̀ lé e, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Ààfáà gbọ́, ó mi orí. Ó ní bí òun ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí bàbá òun ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Nítorí ọ̀nà ìkọ́ni yìí ni ọwọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀. Ní ọdún 1886, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Octave Houdas, kó gbogbo ìkọ̀wé ilẹ̀ wa sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Sudani. Àwọn tó wò ó fínnífínní lẹ́yìn rẹ̀, bíi Mauro Nobili àti Andrea Brigaglia, fi hàn pé ìyẹn kò tó. Ọwọ́ Bọ̀rnó wà, ọwọ́ Kánò wà, ọwọ́ àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á dá wọn mọ̀ bí a ṣe ń dá ohùn Ìjẹ̀ṣà mọ̀ yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú.

Ohun kan ń dùn mí nínú èyí. Ní ọdún 2021, UNESCO kọ ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá sínú àkójọ àjogúnbá gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè 16 ló fọwọ́ sí i pọ̀. Mauritania wà níbẹ̀, Sudan wà níbẹ̀. Mali kò sí, Burkina Faso kò sí, Niger kò sí, Nàìjíríà kò sí. Mi ò dá àwọn tó kọ orúkọ tiwọn lẹ́bi. Àwa ni a kò gbé tiwa lọ.

Aago 2:10

Télọ̀ padà síbi iṣẹ́. Àwa mẹ́fà la kù. Ọ̀kan nínú wa ti ń se tíì lórí ẹ̀yinná, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń sè é, èyí àkọ́kọ́ korò gan-an.

Ààfáà ní kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè ìyá rẹ̀. Àwọn Mossi kọ Mòóré. Èmi mú “ẹ̀gbọ́n”.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, wàhálà mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Lárúbáwá kò ní “ẹ”. Kò ní “gb”. Kò ní “ọ”. Ajami ni a ń pe kíkọ èdè wa pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá. Àwọn ààfáà Ìlọrin fi kọ wákà, àwọn oníṣòwò fi kọ gbèsè, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé kan tí wọ́n ti jókòó fẹnu kò lórí rẹ̀, bí àwọn oníwàásù CMS ti jókòó ní Èkó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí lẹ́tà ABD. Oníkálukú ń ṣe é bó ṣe yé e. Nítorí náà, èmi àti ààfáà jókòó bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjì. Fún “g”, gáínì ni àwọn Hausa ń lò, a mú un, a so báù mọ́ ọn. Fún “ọ”, ó ní dámmà, àmì “u”, á tó, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n. Fún “ẹ”, kò ronú rárá. Ó fi ẹyọ àmì kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Bí àwọn Hausa ṣe ń kọ “e” nìyẹn, láti inú ọ̀nà kíka Kùránì ti Warsh, níbi tí àmì ìsàlẹ̀ ti ń sọ fún ẹnu pé kó tẹ “a” lọ sí ọ̀nà “e”.

Mo fa bébà jáde nínú àpò, mo kọ “ẹ̀gbọ́n” bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, mo sì fi hàn án. Ó fi ìka kan àmì tó wà lábẹ́ “ẹ”, ó tún kan èyí tó wà lábẹ́ “ọ”. Ó wo wàláà. Ó wo bébà. “Ẹ̀yin náà,” ó ní, “ìsàlẹ̀ lẹ fi í sí.”

Mo mọ̀ pé ọ̀nà méjèèjì kò pàdé níbì kankan. Àwọn tó fi àmì sábẹ́ “ẹ” wa kò wo wàláà kí wọ́n tó ṣe é. Síbẹ̀ inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Aago 3:45

Lẹ́yìn Àlàásàrì, fífọ wàláà. Àwo amọ̀ kan ni ààfáà gbé síwájú, ó ń da omi sórí pátákó kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Álífù mi lọ. Fáù méjìlá lọ. Omi náà dúdú bí àgbo. Ní ilé wa, hàntú ni à ń pè é bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Kùránì ni a fọ̀ kúrò, àwọn kan á mu ún fún ìwòsàn, àwọn mìíràn á ní kò tọ̀nà nínú ẹ̀sìn. Iyàn yẹn wà ní Ouaga bó ṣe wà ní Ìbàdàn, ààfáà kò sì fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ náà. Àwọn orúkọ ìyá àti àwọn ọ̀rọ̀ ilé la kọ, nítorí náà ó da omi náà sí ìdí dóńgóyárò. Ó fi ẹfun pa ojú wàláà, ó gbé wọn sínú oòrùn kí wọ́n gbẹ de ẹni tó ń bọ̀.

Ó yé mi níbẹ̀ ìdí tí mi ò fi rántí ohun kankan tí a kọ sára wàláà bàbá bàbá mi. Kò sí ohun tó kù níbẹ̀. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ló yẹ kí n ti wò.

Aago 4:50

Ọkùnrin tó ń ṣọnà sára bàbá ńlá ní kí ààfáà bá òun kọ lẹ́tà kan sórí bébà, òun fẹ́ fi òwú gba orí rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń kun pátákó ìpolówó ti ń ronú nípa orí ilé ìtajà ẹnì kan. Mo tẹ́tí sí wọn, mo rí i pé iṣẹ́ ń bẹ nínú ọnà yìí, pé ó lè bọ́ ẹni tó bá fi ọwọ́ gidi mú un. Kò sí fọ́ńtì tó lè ṣe ohun tí ọwọ́ karamoko ṣe lónìí. Àwọn fọ́ńtì inú kọ̀ǹpútà wa, ìlà-oòrùn ni púpọ̀ jù nínú wọn ti wá. Òun ló fà á tí àwọn ọmọ wa fi ń rí àmì ìsàlẹ̀ bí ẹni tó rí àṣìṣe.

Nígbà tí a fẹ́ lọ, mo ní kí n sanwó. Ó ní ṣúgà àti ewé tíì tí a kó wá ti tó. Ó fún mi ní kálámù tí mo gbẹ́ fúnra mi. “Barka,” mo ní. Ọ̀rọ̀ Mòóré méjì tí mo mọ̀ dáadáa, ìyẹn ni ìkejì.

Aago 6:05 ìrọ̀lẹ́

Màgàríbì. Sankaryaré ti ń pa ilẹ̀kùn dé, eruku àti èéfín ti di ọ̀kan lójú ọ̀run. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní bébà tí mo ti da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sí, nítorí mo bẹ ààfáà kó jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lórí bébà kó tó di pé a fọ wàláà. Ó wò ó títí. Kò ka kéú rí. Ó béèrè ohun tí ó jẹ́. Mo sọ fún un. Ó ká a, ó fi sínú àpò owó rẹ̀.

Aago 9:30 alẹ́

Mo ń kọ èyí lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ọ̀tún mi dúdú títí dé ọrùn ọwọ́.

Ní ọdún 2012, nígbà tí àwọn agbébọn gba Timbuktu, àwọn ènìyàn fi ẹ̀mí wọn wéwu, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àfọwọ́kọ jáde lóru lọ sí Bamako. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013, kí àwọn tó gba ìlú tó sá lọ, wọ́n dáná sun díẹ̀ nínú èyí tó kù ní Ahmed Baba Institute. Gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa kò ní iná, kò sì ní ariwo. Bàbá kú, wọ́n pín aṣọ rẹ̀, wọ́n kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, òjò wọ àpótí. Markaz, ilé-ìwé Lárúbáwá tí Sheikh Adam Abdullah al-Iluri dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tó sì gbé lọ sí Agége ní 1955, àti àwọn ilé-ìwé tó tẹ̀ lé e, fún ọmọ wa ní àga, pátákó dúdú àti ìwé títẹ̀. Ire ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ náà ló gbé ọwọ́ ìlà-oòrùn dé, ọwọ́ tiwa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti ọdún 1964, ibùdó kan ti wà fún àkójọ ìwé Lárúbáwá àfọwọ́kọ, èyí tí John Hunwick bẹ̀rẹ̀ ní Institute of African Studies. Bí ìwé àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá yín, tó ní àmì lábẹ́ fáù, ẹ má sọ ọ́ nù nítorí pé kò jọ ti Medina. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, kó ya àwòrán rẹ̀. Bí ààfáà arúgbó kan bá ṣì wà ní àdúgbò yín tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì máa gbọ̀n, ẹ lọ jókòó tì í ní ọjọ́ kan, kí ẹ ní kó gbẹ́ kálámù fún yín. Bí wàláà bá sì wà ní ẹ̀yìnkùlé yín lórí ìkòkò omi, ẹ wá nǹkan mìíràn fi bo ìkòkò náà.